Àbúrò mi ra fóònù, ọlọ́pàá ní olè ni: kí ló ń sọ nǹkan di ọ̀ràn lójú òfin níbí?

Ìyá Ìbejì Kúbwa
Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, láti ọjọ́ Ẹtì ni mi ò ti fojú kan oorun. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, tó ń kọ́ṣẹ́ AC títúnṣe ní Abuja níbí, ló ra fóònù lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ máa ń pàdé níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. 70,000 náírà ló rà á, transfer ló fi san án. Ó ti lò ó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọlọ́pàá tó wá, wọ́n ní àwọn ti tọpa fóònù yẹn, pé inú mọ́tò ẹnì kan ni wọ́n ti jí i. Wọn ò bá a nílé, ni wọ́n bá ní èmi ni kí n bọ́ sínú ọkọ̀. Èmi tí ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi, aṣọ àwọn ìbejì wà nínú omi! Orí bẹ́ǹṣì wọn ni mo jókòó sí láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí àbúrò mi tó sáré dé. Ó sùn nínú sẹ́ẹ̀lì fún òru méjì, wọ́n gbowó lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, ní báyìí wọ́n ní àwọn máa gbé e lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ yìí ò jalè. Owó rẹ̀ ló fi ra nǹkan. Báwo ni ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan ṣe di ọ̀daràn? Ìyá wa tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò tíì gbọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀ffà Lugbe
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á bá yín dá sí i. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́ síra wa, àwọn àgbà ló ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Tí fóònù yẹn ò bá ní páálí, ìyẹn náà ti ń sọ nǹkan.

Lọ́yà Gàrkí
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ṣì máa nílò lọ́yà tó máa dúró tì yín ní kóòtù o, ohun tí mo bá kọ síbí ò lè dípò ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi òwe Ọmọ Ọ̀ffà bẹ̀rẹ̀ nítorí inú rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó dúró sísàlẹ̀ tó nawọ́ gba epo yẹn, ojú ẹ̀ ló ṣe nígbà tí ẹnì kejì ń gun àjà, ó mọ̀ pé epo onílé ni. Mímọ̀ tó mọ̀ yẹn ló sọ ọ́ di olè. Tó bá wá jẹ́ pé inú ọjà ni wọ́n ti gbé epo yẹn kalẹ̀ fún un, tó dúnàádúrà, tó sanwó, tí kò sì sí ohun tó máa jẹ́ kó fura pé àjà ẹnì kan ni wọ́n ti gbé e sọ̀ ńkọ́?

Ibi tí òfin dúró sí náà nìyẹn. Kí ìjọba tó lè pe èèyàn ní ọ̀daràn, ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe nǹkan tí òfin kọ̀, ọkàn ẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọwọ́ nìkan ò tó. Ẹ wo ọjọ́ Jímọ̀, ẹ bọ́ bàtà dúdú yín sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, bàtà dúdú bí igba ló wà níbẹ̀, ẹ kírun tán ẹ ki ẹsẹ̀ bọ ti ẹlòmíì ẹ bá tiyín lọ. Ọwọ́ yín gbé ohun tí kì í ṣe tiyín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rò pé tiyín ni, olè ò sí níbẹ̀. Ó wá ku bí ẹ ṣe délé. Ẹ bọ́ bàtà yẹn ẹ rí i pé ó fi nọ́ńbà kan tóbi ju tiyín lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì le koránkorán, tiyín sì ti jẹ. Tẹ́ ẹ bá gbé e padà lọ́la, ọ̀rọ̀ tán. Tẹ́ ẹ bá ní háà, Ọlọ́run ti pèsè, tẹ́ ẹ fi pamọ́ máa wọ̀, ọkàn ti bá ọwọ́ níbẹ̀ nìyẹn o. Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ọ̀ràn tí a ń lò ní Abuja, ní abala kan tó dá dúró fún irú ẹ̀, ìyẹn 308, ẹni tí nǹkan ẹlòmíì bọ́ sí lọ́wọ́ tó wá fi èrú sọ ọ́ di tiẹ̀. Bàtà kan náà ni o, ohun tó yí padà ò ju inú yín lọ.

Ọkàn nìkan náà ò tó. Èèyàn lè jókòó sínú yàrá kó máa rò ó bí òun ṣe máa já ilé ìtajà, kò sí ọlọ́pàá tó lè mú un fún èrò. Ṣùgbọ́n tó bá ti mú irin dání tó ń yẹ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wò, ó ti kúrò ní èrò, òfin ní orúkọ fún ìgbìyànjú náà.

Ní ti ẹrù olè, abala 317 nínú Penal Code ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó ní ẹni tó fi àìṣòótọ́ gbà á, tó mọ̀ pé ẹrù olè ni, TÀBÍ tó ní ìdí tó fi yẹ kó gbà bẹ́ẹ̀. “Tàbí” yẹn ló máa ń gbé àwọn ọmọ wa lọ sẹ́wọ̀n. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ bi yín ní nǹkan: èló ni wọ́n ń ta irú fóònù yẹn lọ́jà? Aago mélòó ló rà á? Ṣé ó gba páálí àbí chájà? SIM ta ló fi sínú ẹ̀? Kí ni wọ́n kọ sínú sítétímẹ́ǹtì rẹ̀?

Télọ̀ Nyanya
Mo ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí gan-an nítorí tèmi náà wà nílẹ̀. Màá kọ ọ́ tó bá yá.

Ìyá Ìbejì Kúbwa
Lọ́yà, Ọlọ́run á bùkún yín. Tuntun ẹ̀ jẹ́ bí 180,000, àlòkù ẹ̀ lè tó 120,000. Alẹ́ ló rà á lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù parí, ọmọ yẹn ní owó iléèwé ló ká òun mọ́. Kò sí páálí, chájà nìkan ló fún un. SIM ara ẹ̀ ló fi sínú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èyí tó fi NIN ẹ̀ ṣe, ó tiẹ̀ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp. Sítétímẹ́ǹtì yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ ní òyìnbó, IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, ló dúró lé e lórí tó ń sọ bó ṣe máa kọ ọ́. Ó ní ohun tóun kọ ni pé òun ra fóònù tí wọ́n jí náà lọ́wọ́ báyìí báyìí ní 70,000.

Lọ́yà Gàrkí
“Fóònù tí wọ́n jí náà.” Ìyá Ìbejì, ẹ rí ọ̀rọ̀ yẹn? Lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́, ó ti mọ̀ pé wọ́n jí i, nítorí ọlọ́pàá ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń rà á, kò mọ̀. Tí agbẹjọ́rò ìjọba bá wá ka gbólóhùn yẹn sí etí adájọ́, ohun tó máa dún jáde ni pé ó mọ̀ pé olè ni, ó sì rà á. Àkókò méjì ni wọ́n dì pọ̀ mọ́ra wọn nínú gbólóhùn kan. Kẹ́ ẹ tètè sọ èyí fún lọ́yà tẹ́ ẹ bá gbà o, òun gan-an ni kó kọ́kọ́ mójú tó.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín: àbúrò wọn, ẹ̀gbọ́n wọn, ọ̀rẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú, kó dákẹ́ títí lọ́yà tàbí ẹni tó fọkàn tán á fi dé. Ẹ̀tọ́ tí òfin ìpìlẹ̀ 1999 fún un ni ní abala 35, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Òfin ACJA ti 2015, tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀ràn, tí wọ́n ń lò ní Abuja náà sọ pé kí ọlọ́pàá sọ fún un pé ó lè dákẹ́, pé ó lè pe lọ́yà. Tó bá sì fẹ́ kọ ọ́, kó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní èdè tó gbọ́ jù. Yorùbá náà dáa, wọ́n á wá ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀.

Ohun tó wà fún un nílẹ̀: transfer. SIM ara ẹ̀. Fọ́tò orí WhatsApp. Ẹni tó mọ̀ pé ẹrù olè lòun gbé dání kì í fi NIN ara ẹ̀ sínú ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kó sì tún ya fọ́tò sí i. Ohun tó wà níwájú ẹ̀ tó máa nira: alẹ́, kò sí páálí, iye owó. 70,000 sí 120,000 kì í ṣe bí ìgbà tí wọ́n ta á ní 15,000, ṣùgbọ́n wọ́n á bi í. Ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe àbúrò yín ló máa fi hàn pé òun ò jẹ̀bi. Ìjọba ló fẹ̀sùn kàn án, ìjọba ló máa fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn débi tí adájọ́ ò fi ní ṣiyèméjì kankan tó mọ́gbọ́n wá. Tí iyèméjì bá ṣì wà, ti ẹni tó wà nínú àpótí ni.

Baba Kàdúná
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ògbufọ̀ kóòtù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, Hausa sí Yorùbá, Yorùbá sí Hausa, ní Kàdúná àti Zaria. Lọ́yà ti sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ọkàn, ó dáa. Ẹ jẹ́ n fi ìkẹta kún un, òun gan-an ló sì yẹ kó ṣáájú: nǹkan ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé òfin, pẹ̀lú ìyà tó rọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó burú pọ̀ láyé yìí tí kì í ṣe ọ̀ràn ìjọba. Kéèyàn má kí àgbà, kò dáa, ṣé wọ́n á wá fi ẹ̀wọ̀n sí i?

Ní 1961 ni ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi wáyé nílẹ̀ wa lọ́hùn-ún. Kóòtù ìbílẹ̀ ti dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè, kóòtù gíga wá fagi lé e, wọ́n ní kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní apá Ìwọ̀-Oòrùn tó pe ìyẹn ní ọ̀ràn. Òun náà ló wà nínú abala 36 òfin ìpìlẹ̀ títí dòní. Ẹ wá gbọ́ ibi tó yàtọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ti Ìbàdàn àti Òṣogbo wá síbí. Criminal Code ni wọ́n ń lò ní Gúúsù. Penal Code ni ti Àríwá, láti 1960, òun náà ni Abuja ń lò. Àgbèrè wà nínú Penal Code, abala 387 àti 388, fún ẹni tí òfin ìbílẹ̀ tàbí àṣà rẹ̀ kà á sí ọ̀ràn. Èèyàn kan náà, ìwà kan náà, ó wọ mọ́tò ní Ìlọrin bọ́ síbí... rárá, Ìlọrin náà Penal Code ni wọ́n ń lò. Ó wọ mọ́tò ní Òṣogbo. Ohun tó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìdílé lè di ọ̀rọ̀ kóòtù níhìn-ín. Kéèyàn sì sọ pé òun ò mọ̀ pé òfin wà bẹ́ẹ̀, kò gba èèyàn là. Tó o bá ṣi bàtà wọ̀, wọ́n á gbọ́ tìẹ, tó o bá ní o ò mọ̀ pé olè jíjà lòdì sófin, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Ọ̀kan ò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọkùnrin kan tó ń gbé iṣu wá láti apá Ṣakí, òun àti alábàárù kan jà ní gáréèjì, ó ṣe alábàárù yẹn léṣe lórí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, wọ́n ka FIR, ìyẹn ìwé ẹ̀sùn tí ọlọ́pàá kọ, sí i létí ní Hausa, mo sọ ọ́ di Yorùbá fún un. Adájọ́ ní kí n bi í bóyá òótọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ẹ ronú o, ó dọ̀bálẹ̀ nínú àpótí, ó ní “Òótọ́ ni sà.” Adájọ́ ti gbé bírò. Ó wá gbé orí sókè, ó ní “Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ fi irin lù mí, irin yẹn ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀.” Tó bá jẹ́ ògbufọ̀ tó ń kánjú ni, ibi “òótọ́ ni” ló máa dúró, á sọ fún adájọ́ pé ó gbà, ọ̀rọ̀ tán. Mo sọ gbogbo ẹ̀, mo tiẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Adájọ́ fi bírò sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi. Nítorí ohun tó wà lẹ́yìn “ṣùgbọ́n” yẹn, ìgbèjà ara ẹni ni, Penal Code sì fún èèyàn láàyè láti gbèjà ara ẹ̀ tí kò bá ti ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá Ìbejì, ọmọ Yorùbá la jẹ́, a máa ń bọ̀wọ̀, a máa ń kọ́kọ́ sọ “bẹ́ẹ̀ ni sà” ká tó sọ tẹnu wa. Ẹ sọ fún àbúrò yín. Tí wọ́n bá bi í pé ṣé ó jẹ̀bi, kì í ṣe ìkíni ni wọ́n ń kí i o. Tí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ dáadáa, kó béèrè ògbufọ̀. Òfin ní ọ̀fẹ́ ni kí wọ́n fún un.

Ìyá Ìbejì Kúbwa
Baba, omi bọ́ lójú mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ní àgọ́ ọlọ́pàá yẹn, bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ ṣeun sà.

Télọ̀ Nyanya
Ẹ jẹ́ n kọ tèmi. Oníbàárà kan fún mi ní 85,000 láti rán aṣọ ìyàwó, ẹ̀rọ mi jóná, iná NEPA ló ṣe é, mo ná díẹ̀ nínú owó yẹn láti fi tún un ṣe, ọjọ́ ìgbéyàwó kọjá. Mo ti dá 30,000 padà, mo ní màá máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti mú ọlọ́pàá wá ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní gbájúẹ̀ ni mí. Ojú tì mí níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ṣé lóòótọ́ wọ́n lè tì mí mọ́lé?

Lọ́yà Gàrkí
Télọ̀, gbèsè lẹ jẹ. Gbèsè kì í ṣe ọ̀ràn. ACJA abala 8 sọ ọ́ ní kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí àìmú àdéhùn ṣẹ lásán, òfin ọlọ́pàá tuntun ti 2020 náà tún un sọ. Kóòtù ló yẹ kí oníbàárà yín gbà lọ láti gba owó ẹ̀, ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè. Ohun tó lè sọ ọ́ di gbájúẹ̀ ni pé, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbowó yẹn, ẹ ti mọ̀ lọ́kàn yín pé ẹ ò ní rán aṣọ kankan. Ẹ rí i, ọkàn náà tún ni. Ẹ tọ́jú risíìtì ẹni tó tún ẹ̀rọ yín ṣe, ẹ tọ́jú gbogbo mẹ́sééjì tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀ ẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀rí 30,000 tẹ́ ẹ dá padà, ẹni tó fẹ́ lu jìbìtì kì í dá owó padà. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní fún yín ni pé kẹ́ ẹ má fi ṣẹ́ẹ̀kì bẹ̀ ẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí owó ò sí ní báǹkì, òfin kan ti 1977 wà tó lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí i. Gbèsè tí kì í ṣe ọ̀ràn, ẹ fi ọwọ́ ara yín sọ ọ́ di ọ̀ràn nìyẹn.

Ìyá Bólú Gwagwalada
Tèmi kúrú. Ọmọ mi ọkùnrin ọdún mẹ́jọ ju òkúta, ó fọ́ gíláàsì mọ́tò aládùúgbò. Ó ní òun máa mú un lọ fún ọlọ́pàá.

Lọ́yà Gàrkí
Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ san owó gíláàsì, ohun tó tọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kì í sáré pe ọmọ ọdún mẹ́jọ ní ọ̀daràn. Lábẹ́ Penal Code, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, ohunkóhun tó bá ṣe, òfin ò ka ọ̀ràn sí i lọ́rùn rárá. Láti méje sí méjìlá, àfi tí òye ẹ̀ bá ti tó láti mọ ohun tó ń ṣe. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 tiẹ̀ sọ pé kóòtù tàwọn ọmọdé ni wọ́n ń gbé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lọ, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì àwọn àgbà.

Sábó Kano
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi taya dájọ́ náà. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi níbí, wọ́n pariwo olè lé ọmọ kan lórí, kó tó di pé ẹnì kan béèrè pé kí ló jí, òkúta ti ń fò. Ọmọ yẹn, owó iṣẹ́ ẹ̀ tí ọ̀gá ẹ̀ ò san ló wá gbà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló fi ara bò ó tí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù. Ara ẹ̀ ò tíì padà sípò. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé àwọn tó ju òkúta ẹyọ kọ̀ọ̀kan yẹn, ṣé wọ́n rò pé nítorí wọ́n pọ̀, kò sí ẹni tó jẹ̀bi?

Lọ́yà Gàrkí
Gbogbo wọn ni. Abala 79 Penal Code: tí èèyàn púpọ̀ bá fi inú kan ṣe ọ̀ràn, bí ẹni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló dá gbogbo ẹ̀ ṣe ni. Tí ẹni yẹn bá kú, ìpànìyàn ni, ìyà ikú ló sì wà lórí ẹ̀ ní abala 221. Kódà tó bá jẹ́ pé olè náà ni lóòótọ́. Ìyà olè jíjà lásán nínú Penal Code, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni ó pọ̀ jù tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Wọ́n á wá pa èèyàn nítorí ohun tí adájọ́ ò lè fi ẹ̀wọ̀n tó ju ọdún márùn-ún lọ sí. Sábó, ẹ kú orí ire pé àwọn kan dúró ti ọmọ yẹn.

Alfa Minna
Kí n fi díẹ̀ kún un fún àwọn ará wa tó wà ní Kano, Zamfara, Sókótó àti níbí ní Niger. Láti 1999 tí Zamfara ti bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ 12 ló ti ní òfin ìyà Ṣáríà. Mùsùlùmí ló wà fún, àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí tó bá fúnra ẹ̀ gbà kí wọ́n fi dá a lẹ́jọ́. Òun náà, inú ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe pé alfa kan kàn dìde. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá kó lọ sí ìpínlẹ̀ tuntun, ẹ kọ́kọ́ béèrè òfin tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Abuja ò sí lára 12 yẹn o.

Ọmọ Ọ̀ffà Lugbe
Gbogbo èyí dáa lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, wọ́n kọ “béèlì, ọ̀fẹ́ ni” sára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá, ta ló ti gba béèlì ọ̀fẹ́ rí láàárín wa? Ìyá Ìbejì náà sanwó. Tí lọ́yà bá ń ka abala, ẹni tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ń ka ẹ̀fọn.

Lọ́yà Gàrkí
Ọmọ Ọ̀ffà, mi ò lè bá yín jiyàn pé kì í ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń bí mi nínú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i ní àìmọye ìgbà pé ẹni tó lè dárúkọ òfin jẹ́ẹ́jẹ́, láìpariwo, láìbú ẹnikẹ́ni, wọ́n máa ń bá a sọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ há èyí sórí: níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni ọlọ́pàá ní láti gbé èèyàn dé iwájú adájọ́. Inú Abuja yìí, ibo ni kóòtù ò sí? Òru méjì tí àbúrò Ìyá Ìbejì sùn níbẹ̀ ti kọjá òfin. Bí wọ́n sì ṣe mú Ìyá Ìbejì fúnra ẹ̀ dípò àbúrò ẹ̀, ACJA abala 7 ní èèwọ̀ ni. Wọn ò gbọ́dọ̀ mú ìyá fún ọmọ, wọn ò gbọ́dọ̀ mú ìyàwó fún ọkọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago kí lọ́yà yín lè lò ó. Tówó ò bá sí, ẹ lọ sí Legal Aid Council, iṣẹ́ wọn ni láti dúró fún ẹni tí kò lè san owó lọ́yà.

Ọmọ Ọ̀ffà Lugbe
Mo gbọ́ sà. Mi ò mọ̀ nípa kìlómítà 40 yẹn. Ìyá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá nílò ẹni tó máa tẹ̀lé yín lọ lọ́jọ́ Ajé, mo wà ní Lugbe níbí, mo lè gba àyè níbi iṣẹ́.

Aláṣọ Wuse
Ẹni tó ni fóònù yẹn ńkọ́? Tó bá ti rí fóònù ẹ̀ gbà tó ní òun ti dárí jì í, ṣé kò ní parí síbẹ̀?

Baba Kàdúná
Ó lè ràn án lọ́wọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni ẹjọ́. Wo orí ìwé ẹ̀sùn, wàá rí i pé Kọ́míṣọ́nà Ọlọ́pàá ló ń bá lágbájá ṣẹjọ́, kì í ṣe onífóònù. Ibi tí ọ̀ràn ti yàtọ̀ sí gbèsè Télọ̀ nìyẹn. Gbèsè, ààrin ẹni méjì ni, ọ̀ràn, ìlú ló ni ín. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wá di ẹlẹ́rìí.

Ìyá Ìbejì Kúbwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo yín. A ti ti kóòtù dé. Ọmọ Ọ̀ffà wá lóòótọ́, aago méje àárọ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà dání. Lọ́yà kan láti Legal Aid ló dúró fún wa, obìnrin ni, kò tíì pé 30. Wọ́n ka ẹ̀sùn, gbígba ẹrù olè. Wọ́n bi àbúrò mi, mo rí i tí ẹnu ẹ̀ fẹ́ sọ “bẹ́ẹ̀ ni sà” yẹn, ó dákẹ́, ó wo ọ̀dọ̀ mi, ó ní “Mo ra fóònù, mi ò mọ̀ pé olè ni, mi ò jẹ̀bi.” Baba Kàdúná, ẹ̀yin ni mo rántí.

Adájọ́ fún un ní béèlì, ó ní kí a mú onídùúró kan wá. Mo ní èmi rèé. Akọ̀wé kan ní kí n lọ pe ọkùnrin wá. Lọ́yà yẹn kàn ṣí ìwé ẹ̀, ó fi abala 167 hàn án nínú ACJA, pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ obìnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Akọ̀wé yẹn kà á, ó tún un kà, ó ní kí n wá buwọ́ lùwé. Mo buwọ́ lù ú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ “fóònù tí wọ́n jí náà” yẹn, mo sọ ọ́ fún lọ́yà wa, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní transfer yẹn náà ló ṣe pàtàkì jù, nítorí orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì ẹni tó ta á wà níbẹ̀, pé òun máa ní kí ọlọ́pàá fi wá ẹni yẹn jáde. Ṣùgbọ́n fọ́tò álàátì lórí fóònù ò tó fún kóòtù, ó ní kí báǹkì tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n lu òǹtẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé ẹ̀rí tí òfin ń béèrè fún nǹkan tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde tì í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni wọ́n sún ẹjọ́ sí. Àárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn báǹkì, èmi àti àbúrò mi á ti wà lẹ́nu géètì wọn. Lálẹ́ yìí ni màá pe Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́.